Ilé Ni À Ń Wò

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe ìkómọjáde ni òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ fi í sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn obìnrin tí wọn kò ṣe ìkómọjáde rí, àti àwọn tí ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ṣe é.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo agbo ilé wa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan, nítorí ẹ̀kọ tútù tí ó ń tà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú títí mo fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ méjì ni ó fẹ́. Kò bí fún èkíní, kò bí fún èkejì. Ó sanra níwọ̀nba, irun sì hù sí i ní àgbọ̀n, èyí tí ó máa ń fi abẹ fá ní ìdájí kí ará ilé tó jí. Èmi tí mò ń sùn ní yàrá rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí mo di àgbà ni ìyá mi tó sọ fún mi pé nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé. Ó lè tó oṣù márùn-ún, ó sì lè tó oṣù méje, kí ó tó rí i. Àgbo tí ó mu kò lóǹkà. Wọ́n pè é ní àgàn, wọ́n pè é ní akọ obìnrin. Nígbà tí ọmọ orogún rẹ̀ kan kú, wọ́n pè é ní orúkọ kan tí n kò fẹ́ kọ sínú ìwé yìí. Orúkọ yẹn ni ó lé e kúrò ní ilé ọkọ kejì.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun tí ó ṣe Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka àpèjúwe àìlera kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní polycystic ovary syndrome, tí wọ́n gé kúrú sí PCOS, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Nǹkan oṣù tí kì í wá déédéé, irun lójú obìnrin, ara tí ń sanra, ọmọ tí kò wá: gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ ìtàn ìwádìí tí a ṣe lórí rẹ̀. Ohun kan ni ìtàn náà fi yé mi. Kì í ṣe àwọn ará ilé wa nìkan ni ó sọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá wo yàrá kan ṣoṣo nínú ilé, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wá wo ìyókù ilé náà.

Ẹyin ẹyẹlé

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ilé ẹyin jẹ́. Méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé ọmọ, èkejì ní apá òsì. Ní gbogbo ìgbà tí ara bá dá ṣáṣá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ẹyin ẹyẹlé. Pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀ ni a ti ń bí ọmọbìnrin sáyé. Inú àpò wẹ́wẹ́ ni àwọn ẹyin náà ń gbé. Ní oṣooṣù, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà, díẹ̀ nínú àwọn àpò wọ̀nyí a bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, omi a sì máa kún inú wọn. Láìpẹ́, ọ̀kan a ta àwọn yòókù yọ, a gbó, a bẹ́, ẹyin a sì jáde lọ pàdé ohun tí yóò pàdé. Bí kò bá pàdé nǹkan kan, nǹkan oṣù a dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1721, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Antonio Vallisneri, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Padua, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́bìnrin ará oko kan. Obìnrin náà ti lọ́kọ, ó sanra níwọ̀nba, kò sì rí ọmọ bí. Ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n rí kókó-kókó, wọ́n ń dán, wọ́n sì funfun bí ẹyin ẹyẹlé. Àpèjúwe náà kúrú, ṣùgbọ́n ó péye. Sísanra wà níbẹ̀, àìrọ́mọbí wà níbẹ̀, ilé ẹyin sì wà níbẹ̀. Ohun tí kò tí ì sí láyé nígbà náà ni ìmọ̀ tí a lè fi so wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 1844, Achille Chéreau ní ilẹ̀ Faransé tún ṣe àpèjúwe ilé ẹyin tí ara rẹ̀ le, tí àpò omi sì kún inú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú òye. Nígbà tí ó di ọdún 1872, oníṣègùn kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, Robert Battey, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ilé ẹyin obìnrin kúrò pátápátá, nígbà tí kò tilẹ̀ sí àléébù tí ojú lè rí lára rẹ̀, nítorí inú rírun àti ìdààmú ọkàn tí ó máa ń bá nǹkan oṣù rìn. Iṣẹ́ abẹ náà tàn kálẹ̀ dé Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó bá a lọ, àwọn tí kò sì kú di ẹni tí kò lè bímọ mọ́ láéláé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, nígbà tí a bá ń sọ pé àwọn baba wa fi ìyà jẹ obìnrin nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ilé ayé ni ó ṣe é, kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan.

Obìnrin onírùngbọ̀n

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìtàn yìí gbà wá. Ní ọdún 1921, Charles Achard àti Joseph Thiers ní ìlú Paris kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí irùngbọ̀n hù fún tí wọ́n sì tún ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n pe àìsàn náà ní àtọ̀gbẹ àwọn obìnrin onírùngbọ̀n.

Obìnrin onírùngbọ̀n kì í ṣe àjèjì lójú Yorùbá. Ní ilẹ̀ Kétu àti ní agbègbè Yewa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère Ìyá Ńlá tí í jáde lóru a máa ní irùngbọ̀n gígùn. Ogbó, ọgbọ́n àti agbára tí ó ju ti ènìyàn lásán lọ ni irùngbọ̀n náà dúró fún. Àwọn ènìyàn a wólẹ̀ fún un, wọn a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn lọ́mọ. Ìyanu ni ó jẹ́ fún mi pé irun kan náà tí a ń júbà lójú agbo ni ó ń sọ obìnrin di ẹni ìfura ní àgbàlá ilé. Ìyá Ẹlẹ́kọ a máa lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà tí ó wà ní ilé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní apá Yewa. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí ohun tí ó rò nígbà tí ó rí irùngbọ̀n yẹn.

Àwọn oníṣègùn Paris so irun pọ̀ mọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì tọ̀ dára ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò so ó mọ́ ilé ẹyin. Ẹni tí ń wo irùngbọ̀n kò wo ilé ẹyin. Ẹni tí ń wo ilé ẹyin kò wo ẹ̀jẹ̀. Yàrá kálukú ni kálukú jókòó sí.

Obìnrin méje ní Chicago

Ọdún 1935 ni àìlera náà gba orúkọ. Ilé-ìwòsàn Michael Reese ní ìlú Chicago ni Irving Stein àti Michael Leventhal ti ń ṣiṣẹ́. Stein ní ọ̀nà kan tí ó fi ń rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò rí: ó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn obìnrin kí ó tó fi ẹ́síréè yà á ní fọ́tò, kí ilé ẹyin lè hàn gedegbe láàárín àwọn ohun inú yòókù. Bí wọ́n bá sì rí ilé ẹyin tí ó wú, wọ́n a gé ẹyọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Níbẹ̀ ni nǹkan àrà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n gé nǹkan lára ilé ẹyin wọn fún àyẹ̀wò lásán bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù wọn padà.

Èyí ni ó mú kí wọ́n dán an wò bí ìtọ́jú. Obìnrin 7 ni wọ́n kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Wọ́n gé ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilé ẹyin kọ̀ọ̀kan kúrò. Gbogbo àwọn méjèèje ni nǹkan oṣù wọn padà bọ̀ sípò, àwọn 2 nínú wọn sì lóyún. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìròyìn yìí jẹ́ fún obìnrin tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣẹ́ abẹ yìí fi jẹ́ olórí ìtọ́jú fún wọn. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ó sì pa àwọn mìíràn lára, nítorí ojú ọgbẹ́ a máa mú kí ẹran inú lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀nà tí ẹyin ì bá gbà kọjá a sì dí. Ohun tí a fi wá ọmọ a wá di ohun tí kò jẹ́ kí a rí i.

Kí n má baà ṣe àbòsí, Stein àti Leventhal kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ó ṣeé ṣe kí họ́mónù wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí ni àpò omi, ohun tí ó sì wà lọ́wọ́ wọn ni ọ̀bẹ. Àpò omi ni wọ́n sì fi sọ ọmọ lórúkọ.

Àwọn ìlàrí inú ara

Kí ni họ́mónù? Ernest Starling, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní London ní ọdún 1905. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti fà á yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ kí a ru nǹkan sókè. Ní tèmi, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Aláàfin kì í rìn lọ sí gbogbo ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìlàrí ni ó máa ń rán, àwọn tí a fá apá kan orí wọn. Bí ìlàrí bá ti dé, ìlú mọ̀ pé ọba ni ó sọ̀rọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ìlàrí ti ara ń gbà rìn. Ẹ̀yà ara kan a rán wọn jáde, ẹ̀yà mìíràn tí ó jìnnà réré a sì gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́.

Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Edgar Allen àti Edward Doisy fi omi inú àpò ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ìwádìí ní ọdún 1923, wọ́n sì fi hàn pé ilé ẹyin ní ìlàrí tirẹ̀ tí ó ń rán jáde. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Selmar Aschheim àti Bernhard Zondek ní Berlin fi hàn pé ilé ẹyin pàápàá ní ọ̀gá. Ọ̀gá náà ni ẹṣẹ́ kékeré kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tí ó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ. Ìlàrí méjì ni ẹṣẹ́ yìí ń rán sí ilé ẹyin. Èkíní ni FSH, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí àpò ẹyin dàgbà. Èkejì ni LH, tí í mú kí àpò tí ó ti gbó bẹ́, kí ẹyin sì jáde. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó sì ń pàṣẹ fún ẹṣẹ́ náà. Ìwádìí lórí àṣẹ ọpọlọ yìí ni ó fún Andrew Schally àti Roger Guillemin ní apá kan ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977. Ẹni tí ó bá wọn pín in ni Rosalyn Yalow. Òun àti Solomon Berson tí ó ti di olóògbé ni wọ́n ṣe ọ̀nà tí a fi lè wọn họ́mónù tí ó kéré jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí Yalow tó dé, àfojúdá ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ họ́mónù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ohun tí a lè kà.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí Stein ti ṣàpèjúwe irú wọn, ohun tí wọ́n rí yí ìtàn padà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, LH pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, FSH kò sì tó láti gbé àpò ẹyin kan dé òpin ìrìn-àjò rẹ̀. LH tí ó pọ̀ yìí a mú kí ilé ẹyin máa ṣe họ́mónù akọ ní àṣejù. Gbogbo obìnrin ni ó ní díẹ̀ nínú họ́mónù akọ. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń hu irun sí àgbọ̀n. Àwọn àpò ẹyin a bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní sí èyí tí yóò ta àwọn yòókù yọ. Gbogbo wọn a dúró lágbedeméjì. Bí oṣù ti ń gun orí oṣù ni wọ́n ń kóra jọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àpò omi tí wọ́n fi sọ àìlera yìí lórúkọ kì í ṣe àrùn rárá. Àpò ẹyin gidi ni wọ́n. Ẹyin wà nínú wọn. Wọ́n dúró de ìránṣẹ́ tí kò dé ní àkókò ni. Obìnrin tí a sọ fún pé inú rẹ̀ ṣófo kò ṣófo. Ẹyin rẹ̀ pọ̀. Ìdí tí ọ̀bẹ Stein sì fi ṣiṣẹ́ ni pé ó gé apá tí ń ṣe họ́mónù akọ dín kù, iṣẹ́ tí àwọn ìlàrí ń jẹ́ a sì tún wà déédéé fún ìgbà díẹ̀.

Oògùn láti ibi tí a kò rò

Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí a rán ni ó wọ́, ṣé a kò lè tún un rán? Ìbéèrè yìí ni ó bí àwọn oògùn tí ọ̀pọ̀ obìnrin wa mọ̀ lónìí.

Ní ọdún 1956 ni Frank Palopoli ní ilé-iṣẹ́ Merrell ní ìlú Cincinnati ṣe oògùn kan tí a ń pè ní clomiphene. Nígbà tí wọ́n fún eku, eku kò lóyún mọ́. Wọ́n sì rò pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni àwọn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Robert Greenblatt ní Georgia fún àwọn obìnrin tí ẹyin wọn kì í jáde, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọdún 1961 ni ó gbé ìròyìn náà síta. Ọdún 1967 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ó sì di ohun tí a mọ̀ ní Clomid. Oògùn tí a wá fún dídí ilẹ̀kùn ni ó wá di kọ́kọ́rọ́.

Ìtàn kejì jọ mí lójú jùyẹn lọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá a máa tọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ FSH àti LH dànù nínú ìtọ̀, nítorí ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ ń pariwo pe ilé ẹyin tí kò lè dá a lóhùn mọ́. Piero Donini ní ilé-iṣẹ́ Serono ní Rome mọ bí a ti í yọ àwọn họ́mónù náà jáde. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti fẹ́ rí ìtọ̀ àwọn àgbàlagbà obìnrin tí ó pọ̀ tó, tí ó sì dájú pé kò sí aláboyún láàárín wọn? Bruno Lunenfeld, oníṣègùn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ísírẹ́lì, àti àwọn ará Serono yí ojú sí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú àwọn ilé ìtọ́jú wọn ní Ítálì. Àwọn sísítà náà gbà. Ọkọ̀ a máa lọ kó ìtọ̀ wọn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn Pergonal, ọmọ àkọ́kọ́ tí a sì bí nípasẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin, ní Ísírẹ́lì, ní ọdún 1962. Àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní bímọ láéláé ni wọ́n fi ohun tí wọ́n ń tọ̀ dànù ṣe ìyá fún ọmọ tí wọn kò rí.

Ilẹ̀ wa náà ní ipa nínú ìmọ̀ yìí. Ní Ìbàdàn, ọ̀jọ̀gbọ́n P.P.S. Nylander fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìdí tí ìbejì fi pọ̀ láàárín Yorùbá. Ní Ìgbó-Ọrà, ó rí i pé ìbejì tó nǹkan bí 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ kan. Ní Yúróòpù ìgbà náà, kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ní ọdún 1973, ó gbé e jáde pé FSH inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí í bí ìbejì a máa ga ju ti àwọn tí ń bí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn ènìyàn ti sọ ọ̀rọ̀ iṣu, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ìlasa, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò tí ì fi ìdí èyíkéyìí múlẹ̀. Ohun tí ó yé mi nínú iṣẹ́ Nylander ni pé ìlàrí kan náà ni. Ibi tí FSH ti pọ̀, àpò ẹyin méjì lè gbó pọ̀, a sì kí ìyá náà kú ewu ìbejì. Ibi tí kò ti tó, ẹyọ kan kò ní gbó, a sì pe ìyá náà ní àgàn. A gbé èkíní gẹṣin, a lé èkejì kúrò nílé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ohun tí ó ṣe.

Ìyókù ilé

Ní ọdún 1980 ni àwọn tí wọ́n jókòó sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá pàdé. Ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, George Burghen, James Givens àti Abbas Kitabchi rí i pé nínú àwọn obìnrin tí ó ní PCOS, bí họ́mónù akọ ti pọ̀ tó ni ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ náà ń pọ̀ tó. Ínsúlínì ni ìlàrí tí í kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ara bá di etí sí i, a máa rán púpọ̀ sí i; ilé ẹyin tí kò di etí tirẹ̀ a gbọ́ àpọ̀jù iṣẹ́ náà, a sì máa ṣe họ́mónù akọ kún un. Irùngbọ̀n àti àtọ̀gbẹ tí àwọn ará Paris so pọ̀ ní 1921 wá rí ìtumọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan. Obìnrin tí ó ní àìlera yìí súnmọ́ àtọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ, ìbáà bímọ, ìbáà má bí. Ní ọdún 1994, àwọn oníṣègùn ní ìlú Mérida ní Venezuela dán oògùn àtọ̀gbẹ, metformin, wò fún un. Ó wúlò fún ara, ṣùgbọ́n ní ti ọmọ, àwọn oògùn mìíràn jù ú lọ. Nínú ìwádìí ńlá kan lórí obìnrin 750 ní Amẹ́ríkà tí a gbé jáde ní 2014, ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo letrozole, oògùn jẹjẹrẹ ọmú, ni ó bí ọmọ láàyè; ti clomiphene jẹ́ 19.1.

Orúkọ ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀rọ tí í fi ìró yàwòrán inú ara dé, ó rọrùn láti rí ilé ẹyin láìla ikùn ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1988, àwọn olùwádìí ní London yẹ àwọn obìnrin tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé ẹyin alápò púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe àwọn. Àwòrán nìkan kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ní 1990, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ ní Bethesda láti sọ ohun tí àìlera náà jẹ́, ìtumọ̀ tí ó jáde kò béèrè pé kí ilé ẹyin ní àpò púpọ̀ rárá. Ní 2003, ìpàdé Rotterdam dá a padà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ rí méjì nínú wọn. Àwọn méjì yòókù ni ẹyin tí kì í jáde déédéé àti àpọ̀jù họ́mónù akọ. Ní òpin ọdún 2012, ìgbìmọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ wí i ní gbangba pé orúkọ yìí ń ṣi ènìyàn lọ́nà, pé ó yẹ kí a wá òmíràn. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rin ọdún tí Stein ti sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó padà wá wo ilé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́wàá tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó ní àìlera yìí, àti pé ó lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Bí a bá kó obìnrin ogún jọ sí ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà, ó ṣeé ṣe kí méjì nínú wọn wà níbẹ̀. Wọn kò mọ̀, àwọn ará ilé ọkọ wọn kò sì mọ̀. Ohun tí ilé ọkọ mọ̀ ni orúkọ. Ẹ sì jẹ́ kí a fi èyí kún un: nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọ kò ti wá, ara ọkùnrin ni ìdí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tí a ń pe ọkùnrin náà ní gbangba ọjà.

N kò sọ pé bí a bá ti gbé Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ sí ilé-ìwòsàn, yóò bímọ. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀bẹ Stein ni ì bá bá pàdé, bí ó bá tilẹ̀ rí owó ọkọ̀. Ohun tí mo ń sọ kéré sí ìyẹn. Mo ń sọ pé ẹnìkan ì bá ti jókòó tì í, kí ó sọ fún un pé kì í ṣe òun ni ó jẹ ọmọ inú ara òun, kì í ṣe òun ni ó sì pa ọmọ orogún rẹ̀. Pé ẹyin rẹ̀ wà níbẹ̀, pé iṣẹ́ tí a rán sí wọn ni kò dé. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un. Ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní ìdájí títí ó fi di arúgbó.

Nígbà tí ó kú, àwa márùn-ún tí ó tọ́ ni a pa owó pọ̀, tí a ra pósí, tí a gbẹ́ ilẹ̀, tí a sì sin ín sí àgbàlá ilé bàbá rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ti pè é ní àgàn wá jẹun níbẹ̀. Àgbàlagbà kan nínú wọn dìde láti súre, ó sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé òkú, bóyá láìronú sí i: ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Mo wo ojú rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀ gidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́.